Ìpápánu Ewé Òkun: Ǹjẹ́ Ó Ń Ṣe Ara Lóore?

"Ewé òkun" kì í ṣe ewé gidi: kò ní gbòǹgbò, kì í tanná, bẹ́ẹ̀ ni kì í so èso. Ṣùgbọ́n àléébù orúkọ náà tí ó tóbi jù ni pé ó kó ohun tí kò dọ́gba pọ̀ sábẹ́ ìnagijẹ kan.

Nórì ni àwọn ará Jàpáàn àti Kòríà ń sá gbẹ bíi bébà, tí wọ́n ń fi òróró àti iyọ̀ yan, tí wọ́n sì ń dì sínú ọ̀rá fún ìpápánu. Kọ́ńbù ni wọ́n fi ń se omi ọbẹ̀. Híjíkì dúdú, ó sì rí tín-ín-rín.

Áyódíìnì ni ó fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Àgbàlagbà nílò 150 máíkírógíráàmù rẹ̀ lójúmọ́. Díẹ̀ nínú iye yìí ni ó wà nínú gíráàmù kan nórì. Ti kọ́ńbù lè ju 1,000 lọ. Bí àìtó áyódíìnì ti ń fa gẹ̀gẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àpọ̀jù rẹ̀ lè fà á. Ní ti híjíkì, ásẹ́níìkì tí í ṣe májèlé pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2004 ni àjọ ìjọba Bìrìtìkó tí ń mójú tó oúnjẹ gba ará ìlú nímọ̀ràn pé kí wọ́n má jẹ ẹ́.

Nítorí náà, nórì níwọ̀nba kò léwu fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí iyọ̀ rẹ̀ kò bá pọ̀. Ṣùgbọ́n aláboyún àti ẹni tí ó ní àrùn gẹ̀gẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ irú èyí tí ó wà nínú ọ̀rá. Kí "ewé òkun" jẹ́ orúkọ ìdílé. Kí nórì, kọ́ńbù àti híjíkì máa jẹ́ orúkọ àbísọ.