Òkè Cameroon: Ẹni Tó Débẹ̀ Kọ́ Ló Borí, Ẹni Tó Sọ̀kalẹ̀ Ni

  Ẹ̀yin tí dátà ò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn, èyí tí a kọ sílẹ̀ rèé.

Gbogbo wa la ti rí irú fídíò yẹn lórí fóònù: ẹnì kan wọ ṣòkòtò péńpé, ó gbé báàgì kékeré kọ́ ẹ̀yìn, ó ń sáré lórí òkè tí yìnyín bò ní Yúróòpù, orin aládùn sì ń dún lábẹ́ rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó ti tán. Fídíò yẹn kì í sọ ohun tó ń mú kí ẹlòmíì padà sílé, kí ẹlòmíì má sì padà. Òun la fẹ́ sọ lónìí.

Èyí tó lókìkí jù nínú eré báyìí ni UTMB, tó ń yí òkè Mont Blanc po, tó ń gba ilẹ̀ Faransé, Ítálì àti Switzerland kọjá. Ọdún 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì tó nǹkan bí 170 kìlómítà. Ẹ rò ó bíi kéèyàn fẹsẹ̀ sáré láti Ìlọrin dé Ìbàdàn, kó sì máa gun òkè, kó máa sọ̀ ọ́, ní gbogbo ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí a bá dé Yúróòpù. Cameroon tó múlé tì wá ní tirẹ̀, ó sì ti pẹ́ ju ìyẹn lọ.

Òkè tó ń pọ iná

Òkè Cameroon wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Buea, kò jìnnà sí òkun. Ó ga ju 4,000 mítà lọ. Òkè Sobi tí àwa ará Ìlọrin ń fi yangàn, ẹ tò ó léra lọ́nà mẹ́wàá, kò tíì ní tó o. Iná ṣì wà nínú òkè náà: ó bú ní 1999, ó tún bú ní 2000. Àwọn Bakweri tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ gbà pé òkè náà ní ẹni tó ni ín, Efasa Moto ni wọ́n ń pè é. Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Abẹ́òkúta ní Olúmọ, Ìbàdàn sì ń bọ Òkèbàdàn.

Láti ọdún 1973 ni wọ́n ti ń sá eré gun òkè yìí. Oṣù kejì ọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni wọ́n sábà máa ń sá a. Láti pápá ìṣeré ní Buea, wọ́n á gùn ún dé orí téńté, wọ́n á sì padà wá síbi tí wọ́n ti gbéra. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 38 kìlómítà, gígùn nìkan sì ju 3,000 mítà lọ sókè. Àwọn ọkùnrin tó ń gba ipò kìíní máa ń lo wákàtí mẹ́rin ó lé. Láàárín àwọn obìnrin, Sarah Liengu Etonge, ìyá ọlọ́mọ méje, borí léraléra títí wọ́n fi ń pè é ní Ọbabìnrin Orí Òkè.

Ohun tí òkè ń ṣe fún ara

Ọ̀nà náà pín sí mẹ́ta. Igbó kìjikìji ló kọ́kọ́ wà, tí ooru àti ọ̀rinrin fi ń mú èèyàn làágùn. Lẹ́yìn igbó ni pápá koríko, tí kò síbi tí èèyàn lè sá sí bí atẹ́gùn bá dé. Lókè pátápátá ni òkúta tí iná tú jáde, tó ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ohun méjì ló ń yí padà bí ẹ ṣe ń gòkè. Ìkíní ni òtútù. Ní gbogbo 1,000 mítà tí ẹ bá gùn, ooru máa ń dín kù ní nǹkan bíi digíríì mẹ́fà ààbọ̀. Bí ìsàlẹ̀ bá wà ní 28, ẹni tó bá gòkè 3,000 mítà yóò bá nǹkan bíi 8 pàdé. Ẹ wá fi atẹ́gùn àti aṣọ tí òógùn ti mu kún un. Ọ̀yẹ́ tí à ń bẹ̀rù ní Ìlọrin, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìkejì ni afẹ́fẹ́. Ní ibi tó ga tó 4,000 mítà, èémí kan tí ẹ bá fà sínú kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ohun tí ẹ̀ ń fà létí òkun lọ. Orí lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, inú á máa ru, òòyì á sì máa kọ́ èèyàn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìsinmi nìkan kò tó. Kẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀ ni oògùn tó dájú jù.

Àwọn tó mọ eré yìí kì í fi gbogbo ọ̀nà sáré. Níbi tó bá ti dagun jù, rírìn ni wọ́n máa ń rìn, wọ́n á fi ọwọ́ ti itan. Sísọ̀kalẹ̀ ló ń tú ọ̀pọ̀ láṣìírí. Awakọ̀ tó bá ti wa ọkọ̀ ẹrù sọ̀kalẹ̀ òkè gígùn mọ bí bíréèkì ṣe ń gbóná. Itan yín ni bíréèkì yín. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀, iṣan itan ń nà, ó sì ń dá ara dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ló ń fa á ya wẹ́wẹ́ nínú. Ìdí nìyí tí ìrora fi máa ń le jù ní ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ tí ojú ọjọ́ yí padà

Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2021, èèyàn 172 bẹ̀rẹ̀ eré 100 kìlómítà ní agbègbè Gansu, ní Ṣáínà. Ọ̀pọ̀ wọ ṣòkòtò péńpé àti ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lọ́sàn-án, òjò dídì àti ìjì líle bá wọn lórí òkè. Èèyàn 21 kú, àwọn tó mọ eré sá gan-an sì wà nínú wọn. Darandaran kan tó wà nínú ihò àpáta ló gba àwọn mẹ́fà là.

Ẹsẹ̀ wọn kò kùnà. Òtútù ló pa wọ́n, níbi tí ìrànlọ́wọ́ ò ti lè tètè dé. Àwọn baba wa ní akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bógun lọ. Lórí òkè, ìsá náà ni pé kí ẹ ti ilé mú aago kan: bí aago náà bá lù tí ẹ ò tíì dé òkè, ẹ yí padà, kódà bó ku díẹ̀. Ọkàn tó ti rẹ̀ kò lè ṣe ìpinnu yẹn dáadáa, ilé ni a ti ń ṣe é.

Ewu kì í sì ṣe ti ojú ọjọ́ nìkan. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ohun abúgbàù bú lójú ọ̀nà eré Buea, àwọn sárésáré sì farapa. Ẹ wádìí ìròyìn ibi tí ẹ̀ ń lọ kí ẹ tó sanwó ọkọ̀.

Ẹ mọ genotype yín

Èyí kò sí nínú fídíò àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Ara wọn le, wọ́n ń sáré, wọ́n ń gba ife. Síbẹ̀, níbi tó ga gan-an tàbí tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún ara lójijì, ẹ̀jẹ̀ AS náà lè dòdòkú, ó sì lè ba ọlọ inú jẹ́. Ìrora gógó lábẹ́ ẹgbẹ́ òsì lórí òkè kì í ṣe ohun tí a ń fara dà. Ẹni tó bá jẹ́ SS, kó má tilẹ̀ dán an wò láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i. AS náà, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lọ.

Ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti Sobi, ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ lọ ní mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ bi àwọn ará àdúgbò bí ọ̀nà ṣe rí, ẹ sì sọ fún ẹni tó wà nílé ìgbà tí ẹ máa dé. Ẹ máa rìn gòkè, ẹ máa fi ìṣísẹ̀ kékeré sá a sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi oṣù mélòó kan kọ́ itan yín bẹ́ẹ̀.

Nínú báàgì: omi, dàbínù tàbí ohun dídùn mìíràn tí ẹ lè máa jẹ díẹ̀díẹ̀, fèrè, tọ́ọ̀ṣì, àti jákẹ́ẹ̀tì tí omi kì í wọ̀. Ti òkíríkà náà dára, bí kò bá ṣáà ti jò. Ẹ gba agbára sínú fóònù yín kó kún, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ti ń sọ pé òun ń lọ sí Buea, ẹ fi èyí ṣọwọ́ sí i kó tó di báàgì rẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa wo ẹsẹ̀ yín.