Ìwé Ìgbélùú Nìkan Kò Tó: Bí Amẹ́ríkà Ṣe Ń Ka Ọjọ́ fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Di Ọmọ Onílùú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Yorùbá tí ó ń gbé ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì tàbí ní Kàdúná mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì bá dé, yóò wọ ọkọ̀ lọ sílé, yóò sì padà sẹ́nu òwò rẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé oṣù mélòó ni ó lò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tí ó kọjá sí òkè òkun. Ìjọba ibẹ̀ ń ka ọjọ́ tí ó wà nílùú àti ọjọ́ tí kò sí níbẹ̀. Òbí tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kà á lè fi ìfẹ́ ba làálàá ọdún márùn-ún jẹ́.

Pé ọjọ́ pípẹ́ nìkan kò sọ àlejò di onílé kì í ṣe ohun tuntun létí Yorùbá. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Busia ní ilẹ̀ Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti Ọ̀fà tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, tí wọ́n ti bímọ, tí wọ́n sì ti kọ́lé, wà lára àwọn tí àṣẹ náà bá lójijì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ọjà sílẹ̀, wọ́n forí lé ilé. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tí yóò gbé ìlú onílùú gbọ́dọ̀ mọ òfin tí ó de gbígbé rẹ̀ níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà lónìí, ìwé tí ó ń fún àlejò láyè láti máa gbé, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ títí lọ ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí gíríìn káàdì. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹni tí ó bá ti gba ìwé yìí ti di ọmọ Amẹ́ríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àlejò tí a fún ní ibùgbé ni. Kò lè dìbò yan ààrẹ, bí ó bá sì fi ìlú náà sílẹ̀ pẹ́ jù, wọ́n lè gba ibùgbé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ di ọmọ onílùú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pé ọjọ́ tí òfin là sílẹ̀. Lọ́nà kìn-ín-ní, yóò ti fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé fún ọdún 5 lẹ́yìn tí ó gba ìwé náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì jọ ń gbé pọ̀, lè tọrọ lẹ́yìn ọdún 3. Lọ́nà kejì, nínú oṣù 60 tí ó wà nínú ọdún 5 náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún oṣù 30 ó kéré tán. Ti ọlọ́dún 3 jẹ́ oṣù 18. Lọ́nà kẹta, yóò ti gbé oṣù 3 ní ìpínlẹ̀ tí yóò ti kọ̀wé. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò èdè Òyìnbó àti ti ìtàn Amẹ́ríkà, àti ìwádìí nípa ìwà rẹ̀.

Ìrìn àjò ilé ni ó sábà máa ń fa ìkọsẹ̀. Bí ìrìn àjò kan ṣoṣo bá kọjá oṣù 6, tí kò sì tó ọdún kan, òfin yóò gbà pé ìṣirò rẹ̀ ti já, àfi bí ó bá fi ẹ̀rí hàn pé ilé, iṣẹ́ àti ẹbí rẹ̀ ṣì wà ní Amẹ́ríkà. Bí ó bá pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣirò já. Bí ó bá padà, yóò tún dúró fún ọdún 4 àti ọjọ́ 1, ó kéré tán, kí ó tó lè tọrọ. Ìwé àṣẹ kan wà tí ó lè gbà kí ó tó lọ, tí yóò jẹ́ kí ó lè wọlé padà láàrin ọdún 2. Ibùgbé rẹ̀ nìkan ni ìwé náà ń dáàbò bò. Kò so ìṣirò tí ó já.

Bí a bá fi nọ́ọ̀sì kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ti lo ọdún 4 ní Amẹ́ríkà, tí baba rẹ̀ sì kú, yóò wálé wá sìnkú. Lẹ́yìn ìsìnkú, àìsàn gbé ìyá rẹ̀ dè, ẹbí sì ní, “Dúró tì í, ọmọ dáadáa.” Ó dúró fún oṣù 13. Kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ojúṣe ọmọ ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n ọdún kan péré tí ó kù ti di ju ọdún 4 lọ. Ìyá náà sì pàdánù pẹ̀lú, nítorí pé ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti pé ọdún 21 ni ó lè tọrọ ìwé ìgbélùú fún òbí rẹ̀. Ẹni tí ó ní gíríìn káàdì nìkan kò lè ṣe é. Ká ní wọ́n ti dá a padà ní oṣù kẹrin, kí ó tún wálé nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ ì bá má rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ọmọ máa kọ ọjọ́ tí ó jáde àti ọjọ́ tí ó wọlé sílẹ̀. Kí ó máa san owó orí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń gbé ìlú náà. Bí ó bá kó kúrò nílé kan sí òmíràn, kí ó fi tó ìjọba létí láàrin ọjọ́ 10. Kí ọkàn òbí sì balẹ̀: ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gba ilé lọ́wọ́ ẹni tí a bí ní ọmọ Nàìjíríà nítorí pé ó di ọmọ ìlú mìíràn.

Kò sí òfin tí ó ní kí ọmọ má wálé. Ṣùgbọ́n kí òbí tí ó bá ránṣẹ́ pe ọmọ láti òkè òkun kọ́kọ́ bi í ní ọjọ́ tí yóò padà, kí ó sì bá a ṣọ́ ọjọ́ náà.