Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi máa ń dàrú nínú gbọ̀ngàn ńlá, àti ohun tí a lè ṣe sí i

Ọ̀rọ̀ sono la mú wá lónìí.

Kò sẹ́ni tí kò tíì bá irú rẹ̀ pàdé. Èèyàn kún inú gbọ̀ngàn fọ́fọ́, ìpàdé ìlú ni o, ìgbéyàwó ni o, ìsìnkú ni o. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ di míkró mú, ohùn ẹ̀ ń dún kíkankíkan, àmọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn ń bi ara wọn pé: « Kí ló wí? » Ohùn dé etí wọn, ọ̀rọ̀ ni kò dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan á ní: « Sono wa ti kéré, ẹ jẹ́ ká dáwó ra èyí tó tóbi jù ú lọ. » Ká tó tọwọ́ bọ àpò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, torí lọ́pọ̀ ìgbà, owó á lọ, àrùn á ṣì wà níbẹ̀.

Ohùn ń lọ, ó sì ń padà bọ̀

Ohùn máa ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìta gbangba, tó bá ti kọjá, ó lọ nìyẹn. Nínú ilé, kò ríbi gbà lọ. Ó kọlu ògiri, ó kọlu ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, ó kọlu páànù, wọ́n sì dá a padà bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ta padà lára ògiri. Sìmẹ́ǹtì, carreaux àti gíláàsì, díẹ̀ báyìí ni wọ́n ń gbé mì nínú ohùn.

Bí ohùn tó ta padà bá tètè dé, etí á pa á pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, ìyẹn ò burú. Àmọ́ bó bá ti fi nǹkan bíi mítà 17 rìn ju èyí tó wá tààrà lọ, ó pẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ò tíì parẹ́ tí èkejì fi dé, tí ẹ̀kẹta tún gun orí wọn.

Fún àwa Yorùbá, ó tún le sí i. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ la fi ń mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ àti ọkọ̀. Bí ìró bá ń gun ara wọn, ó lè ṣòro fún etí láti mọ èwo ló ròkè, èwo ló wálẹ̀. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú ẹ̀ á di odindi. Nínú irú ilé báyìí, odindi là ń sọ, àbọ̀ ló ń dé etí, kò sì ní di odindi mọ́. Àwọn tí etí wọn ti ń wúwo ló kọ́kọ́ ń jìyà ẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà yẹn gan-an la tìtorí ìmọ̀ràn wọn pe ìpàdé.

Ohun tí Sabine rí

Ní 1895, wọ́n ní kí olùkọ́ kan ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, Wallace Sabine, wá nǹkan ṣe sí gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí ọ̀rọ̀ kì í yé èèyàn nínú ẹ̀. Ìró máa ń ró níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5 àti ààbọ̀ kó tó kú. Sabine kó tìmùtìmù àga wọ ibẹ̀ lóru, ó ń wọn ìró náà. Bí tìmùtìmù ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìró ń tètè kú. Ó tún rí i pé ara èèyàn àti aṣọ ọrùn ẹ̀ ń gbé ohùn mì, àti pé ohùn tó bá gba ojú fèrèsé ṣíṣí jáde kì í padà wá mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ẹ̀ wo gbọ̀ngàn sìmẹ́ǹtì kan tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní 12, tó ga ní 6, tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé ẹ̀. Bó bá ṣófo, ìró lè pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 8 tàbí 9. Bí èèyàn 300 bá jókòó síbẹ̀, á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 1 àti ààbọ̀ sí 2. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, fún ọ̀rọ̀ sísọ, nǹkan bíi 1 ló dáa jù.

Ìdí tí sono ńlá nìkan ò fi wò ó

Bí a bá yí ohùn sókè, èyí tó ń lọ sí etí tààrà á ròkè, èyí tó ń ta padà lára ògiri náà á ròkè bákan náà. Kò sí èyí tó borí èkejì, ariwo nìkan ló pọ̀ sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, míkró á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn haut-parleur, á tún gbé e padà fún un, títí ilé á fi máa han gooro. Òun là ń pè ní larsen. Orúkọ Søren Larsen, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Denmark, ni wọ́n fi pè é.

Ohun tí a lè ṣe

Ẹ gbé haut-parleur sún mọ́ àwọn èèyàn. Ẹ gbé e ga ju orí wọn lọ, kẹ́ ẹ wá dojú ẹ̀ kọ ibi tí wọ́n jókòó sí, kì í ṣe ògiri tàbí páànù.

Bí ilé bá gùn, kéékèèké méjì-mẹ́ta tí ẹ tò lọ sẹ́yìn sàn ju ńlá kan tó ń pariwo níwájú. Àmọ́ èyí tó wà ní mítà 20 sẹ́yìn gbọ́dọ̀ dúró de ti iwájú. Bí table de mixage yín bá ní « retard », ẹ fún un ní nǹkan bí ìdá ẹgbẹ̀rún 60 ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 3 fún mítà kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbé míkró sún mọ́ ẹnu, bí ìka mẹ́rin. Kó máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó máa sinmi díẹ̀ lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Míkró tí ẹnikẹ́ni ò lò, ẹ pa á, torí òun náà ń gbọ́ ariwo ilé.

Ẹ dín les graves kù lórí ohùn èèyàn. Ìró tó ki yẹn máa ń pẹ́ nínú ilé, ó sì ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ ta aṣọ tó nípọn sára ògiri ẹ̀yìn, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn.

Paríparí ẹ̀, kí ẹni tó ń darí sono má jókòó sójú kan. Kó rìn dé ẹ̀yìn pátápátá lẹ́yìn tí èèyàn ti kún, torí ohùn tí a tò nígbà tí ilé ṣófo á yí padà nígbà tó bá kún. Kó bi ìyá àgbà tó jókòó síbẹ̀ pé: « Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí, mà? » Bí ìyá bá lè tún un sọ, ó ti dáa nìyẹn.

Púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ò gba owó. Ẹ kọ́kọ́ ṣe wọ́n ní ìpàdé tó ń bọ̀. Bí ó bá wá ku ohun tí a ó rà, a ó ti mọ ohun tí a fẹ́ fi owó ìlú rà.