Ẹ Gbé Ọ̀rọ̀ Dé Etí Àgbà: Asọ̀rọ̀mágbèsì Titun fún Ẹni Tí Kò Gbọ́ràn Dáadáa

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa, kò ní ṣàì sí àgbà kan tí ó máa ń jókòó síwájú pátápátá, tí ó ń wo ẹnu ẹni tí ń wàásù, síbẹ̀ tí “Àmín” rẹ̀ máa ń kẹ́yìn ti gbogbo ìjọ. Àwọn ọmọdé a fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ilé a ní, “Bàbá ti ń ṣarán.” Nígbà tí ó bá yá, bàbá kò ní lọ sí ìpàdé ẹbí mọ́, nítorí ìyà ńlá ni kí ènìyàn jókòó láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ kí ó má mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé ọ̀nà titun kan ti là fún un.

Wọn kò kéré níye. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ènìyàn tí ó lé ní bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ni etí wọn kò pé mọ́ ní gbogbo ayé, àti pé mílíọ̀nù 430 nínú wọn ni ó nílò ìtọ́jú.

OHUN TÍ Ó Ń ṢE ETÍ ÀGBÀ

Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, àwọn ìró tínínrín ni etí kọ́kọ́ ń pàdánù: ìró bí ti s, ṣ, f àti t. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ń bẹ nínú èdè wa kì í tètè lọ, nítorí ìró tí ó kì ni wọ́n. Nítorí náà, àgbà ń gbọ́ orin ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Oníwàásù wí pé “ìfẹ́,” bàbá gbọ́ “ìṣẹ́.” Ohùn kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ní, f àti ṣ nìkan ni ó yà wọ́n.

Ẹ ó wá rí ìdí tí ariwo kò fi ràn án lọ́wọ́. Bí a bá pariwo, èyí tí ó ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni a fi kún. Ìdí nìyí tí ìyá àgbà fi lè wí pé, “Mi ò gbọ́ ọ!” kí ó sì tún fi kún un pé, “Má pariwo mọ́ mi!”

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí à ń fi sí etí dára púpọ̀ bí ènìyàn méjì bá jókòó ti ara wọn. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn ńlá, ohun gbogbo ni ó ń kó wọlé: fáànù, ẹkún ọmọ, jẹnẹrétọ̀, àti ohùn tí ń ta padà lára ògiri. Kí ọ̀rọ̀ tó ti orí pẹpẹ dé ọ̀dọ̀ bàbá, ó ti dàrú. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a gbé ọ̀rọ̀ láti ẹnu máíkì tààrà sínú etí.

Ọ̀NÀ ÀTIJỌ́ ÀTI Ọ̀NÀ TITUN

Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1937, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Joseph Poliakoff gba ìwé àṣẹ fún wáyà tí a ń tẹ́ yí gbọ̀ngàn ká. Agbára bí ti òòfà ni wáyà náà fi ń gbé ohùn, wáyà kékeré mìíràn tí a ká sínú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, èyí tí wọ́n ń pè ní telecoil, a sì gbà á. Àwọn ènìyàn wa tí ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù lè ti rí àmì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní báńkì: àwòrán etí pẹ̀lú lẹ́tà T. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di òní.

Èyí titun ni Auracast, tí àjọ tí ń ṣàkóso Bluetooth kéde orúkọ rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Bluetooth tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dà bí ìgbéyàwó: fóònù kan, ìyápíìsì kan. Ṣùgbọ́n ti Auracast dà bí rédíò, asọ̀rọ̀mágbèsì wa. Nígbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì kọ́kọ́ dé Èkó ní 1935, wáyà ni ó ń gbé e wọ ilé. Èyí kò lo wáyà wọ etí. Ẹ̀rọ kékeré kan tí a so mọ́ ẹ̀rọ máíkì gbọ̀ngàn ni yóò máa tú ohùn sáfẹ́fẹ́. Ẹni mẹ́wàá gbà á, ẹgbẹ̀rún ènìyàn gbà á, kò dí ara wọn lọ́wọ́. Bàbá yóò ṣí fóònù, yóò rí orúkọ gbọ̀ngàn náà, yóò yàn án bí ẹni yan ilé-iṣẹ́ rédíò, ọ̀rọ̀ yóò sì wọ inú ẹ̀rọ etí rẹ̀. Gbọ̀ngàn kan lè tú ohùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, Yorùbá lọ́tọ̀, Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Bí ìpàdé bá jẹ́ ti àṣírí, a lè fi ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ tì í pa.

KÍ Ẹ TÓ NÁWÓ

Èkíní, ẹ kọ́kọ́ mú àgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí etí lásán ni ó dí i. Bí etí bá ṣàdédé di láàárín ọjọ́ kan, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Èkejì, bí ọmọ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ránṣẹ́ láti òkè òkun, kí ó béèrè ohun méjì: “Ṣé ó ní telecoil? Ṣé ó ń gba Auracast?” Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó ní wọn, kì í sì í ṣe gbogbo fóònù ni ó lè yan Auracast. Ó sì yẹ kí a ti dán etí bàbá wò, kí a lè yí ẹ̀rọ náà sí ìwọ̀n etí tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lo ìyápíìsì láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ rọra. Bí ẹni tí ó jókòó tì yín bá ń gbọ́ orin yín, ó ti pọ̀ jù; etí tí ariwo bá bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò.

Ní ìkẹyìn, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ máíkì, ẹ má ṣe ro ti sípíkà ńlá nìkan. Ẹ ro ti àwọn tí ó kọ́ ilé náà láti ìpìlẹ̀. Etí wọn ni ó gbọ́ àlọ ọ̀rọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ àbọ̀ rẹ̀.