Bí Ẹ̀kọ́ Ṣe Ń Dúró Lórí Kí Ìdánwò Tó Dé

 

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ọ̀wọ́n, ohun kan wà tí àwa olùkọ́ máa ń rí ní gbogbo àsìkò ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò sọ pé òun ka ìwé Nahwu òun ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá ní alẹ́ àná, síbẹ̀ tí a bá pín ìbéèrè, kò ní rántí ju ìlà méjì lọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì purọ́. Ojú rẹ̀ ni ó ń kàwé. Kò bi orí rẹ̀ léèrè rí pé kí ni ó mú.

Ẹ wo wàláà. Àwọn àáfà wa àtijọ́ kì í jẹ́ kí ọmọ fọ wàláà títí yóò fi ka ohun tí ó wà lára rẹ̀ láìwò ó. Tí ó bá ti fọ̀ ọ́, tàdáwà ti bá omi lọ nìyẹn; kò sí ibi tí yóò ti yọjú wò ó mọ́ àfi inú orí rẹ̀. Lóde òní, ìwé àti fótókópì pọ̀, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìwé tí ó ṣí sílẹ̀ máa ń tan ni jẹ. Ohun tí ojú bá ti mọ̀, ọkàn á rò pé òun náà ti mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 2006, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Roediger àti Karpicke, dán èyí wò. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa tún ọ̀rọ̀ kan kà, kí àwọn yòókù kà á, kí wọ́n pa á dé, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí ó ń tún un kà ni ó rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí ó pa ìwé dé ni ó borí.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń ka Fìkíhì, ẹ fi ọwọ́ bo ìwé, kí ẹ ka ọ̀ranyàn méje inú àlùwàlá ní ìlànà Máálíkì. Tí ó bá ku ọ̀kan, ẹ má tíì ṣí i, ẹ rò ó ná. Èyí tí àwọn ọmọ sábà máa ń gbàgbé ni fífi ọwọ́ pa ara àti ṣíṣe é tẹ̀léra, bóyá nítorí pé kò sí ẹ̀yà ara tí yóò rán wọn létí.

Àsìkò náà ní tirẹ̀. Sheikh Az-Zarnuji, tí ó kọ Ta'līmul-Muta'allim ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, ṣírò rẹ̀ fún wa: ẹ̀kọ́ àná, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ti ìjẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ti ìjẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹta, ti ìjarùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì, ti ìjẹfà, ẹ̀ẹ̀kan. Kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, ẹ̀kọ́ kan ti gba ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, láìsí àìsùn kankan.

Ọmọ Ìgándò tí ó ń lọ sí ilé-ìwé gẹ̀ẹ́sì láàárọ̀, tí ó tún ń wá kéwú ní ìrọ̀lẹ́, lè ní àyè kò sí. Àyè wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí kò tilẹ̀ sí àyè láti ṣí ìwé. Àyè sì wà nínú náfílà: ẹ fi súúrà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ há kí i.

Ẹni tí ó fi alẹ́ kan ṣoṣo há a lè yege o. Àmọ́ oṣù mẹ́ta lẹ́yìn wòlíìmọ̀, tí wọ́n bá fà á síwájú kí ó ṣe lémọ́ọ̀mù, súúrà yóò já mọ́ ọn lẹ́nu, àwọn èrò ẹ̀yìn yóò sì máa wo ara wọn. Àwa olùkọ́ ń bẹ̀rù èyí ju pé kí ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò lọ.

Ní alẹ́ tí ìdánwò bá ku ọ̀la, ẹ má mú ẹ̀kọ́ tuntun. Ẹ kí Íṣáì, kí ẹ sùn. Lẹ́yìn Àsùbáà, kí ẹni méjì jókòó, kí ọ̀kan di ìwé mú, kí ó máa bi ẹnìkejì.