Bí A Ti Ń Kọ́ Ilé Oko, àti Bí A Ti Ń Gbé Inú Rẹ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni ó jẹ́ ọmọ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá bi wá léèrè bí a ti ń kọ́ ahéré, àti bí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ ti ń lo ọjọ́ rẹ̀, díẹ̀ nínú wa ni yóò lè dáhùn. “Ará oko” ti di èébú ní ẹnu wa. Nítorí náà ni a ṣe rò pé kò ní burú bí a bá ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ohun tí àwa mẹ́ta, ọmọ agboolé kan náà, fi ọwọ́ ara wa ṣe ní àkókò ìsinmi Kérésìmesì kan.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní oko kòkó ní ibi tí ó jìnnà sí ìlú tó máìlì méje. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn ín lọ tí ó sì ń rìn ín bọ̀, ṣùgbọ́n eékún rẹ̀ ti ń dùn ún. Kì í sì í ṣe ìrìn nìkan ni ìyọnu náà. Láti ìgbà tí J. P. L. Davies ti gbin kòkó sí Ìjọ̀n lẹ́bàá Agége ní nǹkan bí ọdún 1880, tí ó sì tàn dé ilẹ̀ Ìbàdàn, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó, ni àwọn àgbẹ̀ ti mọ̀ pé kòkó ń fẹ́ ẹni tí yóò wà nítòsí rẹ̀. Bí a bá fọ́ èso rẹ̀ tán, a ó kó hóró rẹ̀ jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ó lè gbóná kí ó sì kan, a ó sì máa yí i padà láàárín ọjọ́ wọ̀nyí. Lẹ́yìn náà ni a ó sá a sí oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òjò bá ṣú ní ọ̀sán, tí olóko sì wà ní ìlú, ta ni yóò kó o? Ní ọdún tí ó ṣáájú ilé yìí, ìdajì ohun tí Bàbá sá ni ó hu ebu. Ó ti ń sọ pé òun yóò fi oko náà dógò.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà ilé kíkọ́, nítorí amọ̀ ń fẹ́ oòrùn. A wa ilẹ̀ pupa, a da omi sí i, a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a fi í sílẹ̀ mọ́jú, a sì tún un tẹ̀. Nígbà tí ó fà dáadáa, a mọ ọ́n ní ìṣù-ìṣù, a sì ń jù ú sí ẹni tí ń mọ ògiri. Ìpele kan kì í ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ tàbí méjì lọ, a sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó gbẹ kí a tó gun òmíràn lé e. Níbí ni a ti ṣẹ̀. Àwa tí a ti ka ìṣirò, a ṣírò rẹ̀ pé ìsinmi wa yóò tán kí ògiri tó pé, a sì gun ìpele kẹta lé èkejì ní ọjọ́ kejì. Ní òru ọjọ́ náà, ògiri apá ìwọ̀-oòrùn wó lulẹ̀ pátápátá.

Bàbá kò bínú. Ó wò ó títí, ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Amọ̀ kò mọ ọjọ́ tí ilé ìwé yín yóò wọlé.”

Ọ̀wẹ̀ ni ó gbà wá. Àwọn kan a máa pe ọ̀wẹ̀ àti àáró ní ohun kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹni tí a bá bá ṣe iṣẹ́ àáró gbọ́dọ̀ san án padà ní oko ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀, oúnjẹ ni yóò fi ṣe àlejò àwọn tí ó wá. Àwa tí a ń padà sí ilé ìwé kò lè san àáró. Àwọn ará abà tí ó yí wa ká wá ní Sátidé méjì, Ìyá gún iyán, ẹmu sì wà pẹ̀lú (kì í ṣe fún àwa). Ẹkẹ àti ọparun ni a fi ṣe òrùlé, ewé gbòdògì ni a sì fi bò ó. Àwọn àgbà tẹ́ àjà sókè ibi ìdáná, kí èéfín lè máa lé kòkòrò kúrò lára àgbàdo tí a bá kó síbẹ̀. A fi igi pẹrẹsẹ lu ilẹ̀ inú ilé, a sì padà sí ilé ìwé ní ọjọ́ kẹta.

Ìgbà tí ọdún yí po ni a tún dé ibẹ̀. Ó yà wá lẹ́nu bí ọjọ́ ti gùn tó ní ọwọ́ Bàbá. Ní ìdájí, nígbà tí àkùkọ bá kọ, yóò jí, yóò gbàdúrà, yóò sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà àtijọ́, ojú ọ̀nà ni ìgbà yìí máa ń bá a, iṣẹ́ kò sì tí ì bẹ̀rẹ̀ kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Nísinsìnyí, ó ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ kí Ìyá tó gbé iṣu sísun àti epo wá. Nígbà tí òjìji ènìyàn bá wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sùn díẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn. Ìyá ń sin adìẹ, ó sì ń ṣe epo. Ní ọjọ́ ọjà, òun ni í gbé wọn lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn a wẹ̀, wọn a sì jókòó sí ìta bí òṣùpá bá wà. Sátidé nìkan ni wọ́n ń lọ sí ìlú, nítorí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, Bàbá a sì máa sinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí a ti ń jẹun lọ́wọ́, ojú ọ̀run ṣú lójijì. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fò dìde. Bàbá fi iṣu ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá dé ibi tí kòkó wà, ó ká ẹní kìíní, ó ká èkejì, àwa sì gba ìyókù. Ẹní ìkẹyìn ti wọlé kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó kán sórí ewé. Bàbá padà jókòó, ó sì ní kí ẹnìkan bá òun mú iyọ̀ wá.