Ìfarabalẹ̀ nípasẹ̀ VR ṣáájú iṣẹ́ abẹ ojú

Ìfarabalẹ̀ nípasẹ̀ VR jẹ́ ọ̀nà ìtọ́jú tí kò lo oògùn, èyí tí a fi ń dín ìpayà aláìsàn kù kí ó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. VR ni ìkékúrú virtual reality, ìyẹn ayé tí kọ̀ǹpútà fi àwòrán àti ohùn dá, tí ó sì ń jọ lójú ẹni tí ń wò ó bí ẹni pé inú rẹ̀ gan-an ni ó wà.

Ìdí tí ìpayà fi ṣe pàtàkì

Nínú àìsàn kátáráàtì, awò inú ẹyinjú tí ó yẹ kí ó mọ́ gaara a di funfun bí ìkùukùu. Dókítà a yọ ọ́, a sì fi awò àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Ojú nìkan ni a sábà ń fún ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ó mọ ìrora. Aláìsàn kì í sùn. Ó ń gbọ́ ohùn dókítà àti ariwo ẹ̀rọ. Ìpayà a máa mú kí àyà lù kìkì, kí ẹ̀jẹ̀ sì ru. Bí aláìsàn bá mi orí lójijì, iṣẹ́ náà lè bàjẹ́. Oògùn afọkànbalẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó lè mú kí àgbàlagbà máa tòògbé tàbí kí mímí rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ìwádìí tí a ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé kátáráàtì ni olórí ohun tí ń fa ìfọ́jú láàárín àwọn tí ó ti pé ẹni 40 ọdún sókè. Owó ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Ìbẹ̀rù abẹ náà ń dá àwọn mìíràn dúró.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Aláìsàn a dé ẹ̀rọ tí ó bo ojú méjèèjì. Bí ó bá yí orí, àwòrán á yí pẹ̀lú rẹ̀. Etí òkun tàbí inú igbó tútù ni ó lè máa wò, nígbà tí ohùn jẹ́jẹ́ ń tọ́ ọ sọ́nà bí yóò ṣe máa mí. Ọkàn tí ó ti kún fún ayé yìí kì í ráyè púpọ̀ fún ìbẹ̀rù. Ìlànà yìí ni Hunter Hoffman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Washington lò nínú SnowWorld, ayé oníyìnyín tí wọ́n ṣe fún àwọn tí iná jó, láti gbé ọkàn wọn kúrò lórí ìrora nígbà tí a bá ń tọ́jú ojú ọgbẹ́ wọn.

Láti wọn ìpayà, àwọn olùwádìí a máa lo ìwé ìbéèrè bíi STAI, tí ó ní gbólóhùn 20 lórí bí ọkàn ẹni ṣe rí lákòókò náà. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 20 dé 80.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ẹni tí kátáráàtì ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì kò lè rí àwòrán dáadáa. Ohùn ni yóò gbára lé, nítorí náà èdè tí ó gbọ́ ni ó yẹ kí ohùn náà máa sọ. Òòyì lè kọ́ ẹlòmíràn. A sì gbọ́dọ̀ nu ẹ̀rọ náà mọ́ lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí àkóràn ojú má bàa tàn. Kò sì rọ́pò àlàyé dókítà àti nọ́ọ̀sì: ẹni tí kò mọ ohun tí a fẹ́ ṣe sí ojú rẹ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ní kété tí a bá ṣí ẹ̀rọ náà kúrò.